Pátákó fóòmù lára ògiri yàrá abẹ́ ilé: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti lẹ pátákó fóòmù mọ́ ògiri mẹ́ta nínú yàrá abẹ́ ilé wa kí ooru ilé má baà máa gba ibẹ̀ sá lọ, yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Mo rò pé ó ti tó àkókò láti sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹni tí ó ń rò ó lọ tí ó ń rò ó bọ̀ lè mọ ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Pátákó tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n fi polystyrene, irú ike kan, ṣe, tí àwọn oníṣẹ́ ilé ń pè ní XPS. Ó le, ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa jẹ́ búlúù tàbí píńkì tàbí àwọ̀ eérú. Ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, gígùn rẹ̀ a sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8. Èyí tí ó nípọn ní íǹṣì 2 ni mo rà. Ọjà náà dára, n óò sì sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀: ṣé ògiri ilé yín tilẹ̀ wà ní ipò tí a fi lè fi nǹkan bò ó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í bi ara wọn ní ìbéèrè yìí, èmi náà ì bá má bi ara mi bí kì í bá ṣe ohun tí a bá nínú ilé náà nígbà tí a kó débẹ̀.

Ẹni tí ó ni ilé náà ṣáájú wa ti wọ ògiri láṣọ ní tirẹ̀. Wọ́n to igi gbọọrọ gbọọrọ dúró níwájú kọnkéré, wọ́n ki òwú gíláàsì tí a ń pè ní fiberglass sí àárín àwọn igi náà, wọ́n ta ọ̀rá bò ó, wọ́n fi pátákó gypsum bo ojú rẹ̀, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Lójú ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iṣẹ́ náà gún régé. Imú ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé nǹkan ń bẹ: òórùn bíi ti aṣọ tí a ká sínú àpótí kí ó tó gbẹ, tí ó sì máa ń le sí i ní àsìkò ooru. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la pátákó gypsum kan nísàlẹ̀ tí mo sì fa ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ ya, omi ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Òwú náà ti wúwo, ó ti sọ̀ kalẹ̀ bí àpò tí a rọ omi sí. Ẹsẹ̀ igi tí ó kan ilẹ̀ ti rọ̀ débi pé èékánná mi wọ inú rẹ̀ láìjà. Ẹ̀yìn pátákó gypsum, tí bébà bò, ti dúdú látòkè délẹ̀ fún ehu, irú èyí tí í máa ń bo búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi kó gbogbo rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe pé oníṣẹ́ náà ya ọ̀lẹ, nítorí gbogbo ìṣó rẹ̀ ló wà lójú ìlà. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ni kò yé e. Afẹ́fẹ́ inú ilé tí ó wà ní ìwọ̀n 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì èyí tí ó lè gbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi sílẹ̀ bí ó bá ti fara kan ohunkóhun tí ó tutù dé ìwọ̀n 10. Bí ọ̀rinrin náà bá gòkè láti 50 nínú ọgọ́rùn-ún dé 60, ohun tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 pàápàá yóò ti máa làágùn. Òun náà ló ń mú kí ara ìgò omi tútù tutù rin lórí tábìlì. Kọnkéré ẹ̀yìn òwú gíláàsì ni ìgò yẹn. Òwú kò jẹ́ kí ooru ilé dé ara rẹ̀, nítorí náà kọnkéré ń tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òwú kan náà kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró, afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú ajọ̀, ihò kékeré kan lára ọ̀rá sì ti tó fún un láti wọlé. Ní ìhà kejì, kọnkéré fúnra rẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, omi yẹn a sì wá há sẹ́yìn ọ̀rá tí kò jẹ́ kí ó ráyè jáde. Láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ mi kó ẹrẹ̀ yẹn, n kò lè dá ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi òwú àti ọ̀rá bo ògiri tí ó wà nínú ilẹ̀, bí ó ti wù kí ó rọrùn tó.

Ibí gan-an ni pátákó XPS ti gba iyì lọ́wọ́ mi. Ara kọnkéré tààrà la ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, láìsí àlàfo, afẹ́fẹ́ ilé kò sì rí ọ̀nà dé ibi tí ó tutù mọ́. Kì í mu omi bí òwú ṣe ń mu ún, kò sì sí igi tàbí bébà nínú rẹ̀ tí ehu yóò fi ṣe oúnjẹ. Síbẹ̀ kò dí ògiri pa bí ọ̀rá. Ọ̀rinrin ṣì ń gba inú rẹ̀ yọ díẹ̀ díẹ̀, èyí sì ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí apá ògiri tí ilẹ̀ bò kò lè gbẹ síta láéláé, inú ilé nìkan ni ó lè gbẹ sí.

Ní ti ooru, òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní R, tí a fi ń díwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dá ooru dúró tó. Íǹṣì kan XPS máa ń fún wa ní nǹkan bí R 5. Pátákó funfun oníhóró, tí ó ń jẹ́ EPS, sún mọ́ 4; polyiso, irú pátákó fóòmù mìíràn, tó nǹkan bí 6; òwú gíláàsì wà láàárín 3 sí 3 àbọ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ti kọnkéré fúnra rẹ̀: pẹ̀lú gbogbo sísanra ògiri oní-íǹṣì 8, nǹkan bí R 1 péré ni, bí a bá sì ka afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ lára rẹ̀ mọ́ ọn, ó sún mọ́ 2. Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fi íǹṣì 2 XPS kún R 2, ó di 12, ooru tí yóò máa gba ibẹ̀ jáde kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá tún fi íǹṣì kan sí i, R di 17, ṣùgbọ́n ohun tí a óò tún rí gbà padà kò pé ìdá kan nínú ogún ooru tí ń jáde nígbà tí ògiri wà níhòòhò. Íǹṣì àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù, ìkejì ń ràn án lọ́wọ́, ìkẹta a sì wá rí bí ẹni tí ó dé oko nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo dúró sí íǹṣì 2. Ẹni tí ó bá wà ní ibi tí òtútù ti le ju tiwa lọ, kí ó wo ohun tí òfin ìkọ́lé ibẹ̀ béèrè kó tó dúró síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ara ògiri ni ooru ń gbà sá lọ bákan náà. Ilẹ̀ tí ó jìn kì í tutù bí afẹ́fẹ́ òde, nítorí náà apá òkè, èyí tí ó yọ lórí ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ni ìnáwó yín ti ń jò jù. Bí owó kò bá tó láti bo gbogbo rẹ̀, láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá sì fẹ́ máa gbé inú yàrá náà, tí kò sí páìpù omi níbẹ̀ tí òtútù lè sọ di yìnyín, ó lè sàn fún un kí ó bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ onípákó ti yàrá òkè kí ó sì fi ògiri sílẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Kí n tó ra pátákó kan, mo fi odindi ọdún kan wo ògiri. Mo gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara ní ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóòró, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kọnkéré, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tí ó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ ilé ló ni ín. Bí ó bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti wá. Ibi márùn-ún ni mo ti ṣe é, nígbà òjò àti nígbà tí ojú ọjọ́ gbẹ. Lára ògiri tí ó kọ sí àgbàlá, ẹ̀yìn ọ̀rá náà rí bí ojú dígí tí ènìyàn mí sí, nígbà tí mo sì ṣí i, kọnkéré abẹ́ rẹ̀ dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ gún gérégé bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, mo rí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀. Omi tí ń gba inú kọnkéré kọjá ló ń kó iyọ̀ yẹn wá, tí ó ń fi í sílẹ̀ nígbà tí òun bá gbẹ. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wulẹ̀ gbá a dànù kí ẹ sì kun ọ̀dà lé ibẹ̀, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá.

Tiwa kò jìnnà. Páìpù tí ó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ parí sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an, ilẹ̀ àgbàlá sì dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀dọ̀ ilé, tí gbogbo òjò tí ó bá rọ̀ fi ń wá sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀. Mo so páìpù mìíràn mọ́ ọn kí ó lè da omi sí ibi tí ó jìnnà, a sì da yẹ̀pẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilé títí ilẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, mo tún lẹ ọ̀rá mọ́ ojú ibi kan náà. Ó gbẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ ra pátákó. Ẹ dákun, ẹni tí ó bá ń tajà lè sọ pé fóòmù kò ń bẹ̀rù omi, òótọ́ sì ni; ṣùgbọ́n omi tí ń ṣàn wọlé yóò gba abẹ́ fóòmù yọ sórí ilẹ̀ yàrá yín, ẹ kò sì ní rí ojú ibi tí ó ti ń jò mọ́.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò nígbà tí ògiri ṣì wà níhòòhò. Àkọ́kọ́ ni radon, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó ń jáde láti inú ilẹ̀ àti òkúta tí uranium wà nínú wọn, tí ó sì ń gba ojú sísán kọnkéré wọ yàrá abẹ́ ilé. Lẹ́yìn sìgá, òun ló wà lára ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ó má ju becquerel (òṣùwọ̀n ìtànṣán) 100 lọ nínú mítà kúbíìkì kan afẹ́fẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́ kò ṣòro láti lò, ó sì rọrùn láti dí ojú sísán nígbà tí ọwọ́ ṣì lè dé ibẹ̀. Èkejì ni ikán. Ikán kì í jẹ fóòmù bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ́ ọ̀nà gba inú rẹ̀ lọ síbi igi láìsí ẹni tí yóò rí i. Níbi tí ikán bá pọ̀ sí, ẹ fi nǹkan bí íǹṣì 3 sílẹ̀ lókè láìbò kí ẹ lè máa yẹ ibẹ̀ wò.

Lílẹ̀ ẹ́ kò nira fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú fa ojú pátákó náà jìn díẹ̀, ẹ gbé e lé etí tábìlì, ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sì dá gérégé. Ayùn ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fojú sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò jẹ́ gọ́ọ̀mù kan tí ó ti wà nílé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ó ti jẹ ẹ̀yìn pátákó méjì wọnú, ihò rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sí lára pé ó bá fóòmù mu nìkan ni kí ẹ rà. Mo fà á ní ìlà gígùn láti etí dé etí, n kò fi í sí ẹ̀kán ẹ̀kán, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọ̀nà rìn lẹ́yìn pátákó. Lẹ́yìn èyí, mo fi téèpù bo ojú gbogbo oríkèé, mo sì fi fóòmù inú agolo dí òkè àti ìsàlẹ̀.

Ibi tí orí ògiri ti pàdé àwọn igi tí ó gbé ilẹ̀ òkè dúró ni ó gba àkókò mi jù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti rí èrè jù. Àwọn àlàfo kéékèèké wà láàárín igi kan àti èkejì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn àti ìta. Ní ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, mo mú ìrépé bébà tín-ín-rín kan dání níwájú ọ̀kan nínú wọn, bébà náà sì ń gbọ̀n bí ewé. Mo gé pátákó sí ìwọ̀n àlàfo kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí ó kéré sí i díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tì í bọ inú àlàfo náà, mo sì fi fóòmù agolo yí i ká. Ọgbọ̀n àlàfo ó lé mẹ́rin. Nígbà tí mo tún gbé bébà síbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni òun ní láti fi ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni n óò rán an lọ.

Pátákó náà ní àléébù, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń jóná. Ó ti máa ń rọ̀ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èéfín rẹ̀ sì dúdú, ó nípọn, ó lè pani. Nítorí èyí ni òfin ìkọ́lé ní ọ̀pọ̀ ibi fi sọ pé a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìbò nínú ilé. Pátákó gypsum tí ó nípọn ní ìdajì íǹṣì ni a sábà máa ń fi bò ó. Ẹni tí ó tà á fún mi kò mẹ́nu kan èyí rárá, bẹ́ẹ̀ ni iye gypsum àti igi tí yóò gbé e dúró yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìnáwó náà di méjì. Ẹ fi í kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àléébù kejì jẹ́ ti ayé gbogbo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gáàsì HFC-134a ni wọ́n fi ń mú kí XPS wú, gáàsì yìí sì ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 1,430 ti carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Kánádà ti dá lílò irú gáàsì bẹ́ẹ̀ nínú fóòmù dúró láti ọdún 2021, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti ń fi gáàsì tí ìpalára rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é lónìí, EPS funfun ni n óò kọ́kọ́ wò, nítorí kò lo gáàsì yẹn, ìdajì íǹṣì sísanra sí i sì ti tó láti fi dí R tí ó fi dín sí XPS.

Ohun tí ó yí padà nínú ilé wa kò pamọ́. Ilẹ̀ yàrá ìjókòó òkè kì í gan ẹsẹ̀ mọ́ ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ amúlégbóná kì í tan léraléra bíi ti tẹ́lẹ̀, òórùn aṣọ tútù yẹn sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ní àsìkò ooru, a ṣì ń tan ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kí ó má baà kọjá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pátákó kì í gbẹ afẹ́fẹ́. Ní oṣù tí ó kọjá, mo tú igun gypsum kan, mo sì yọ pátákó kékeré kan tí mo ti mọ̀ọ́mọ̀ lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kọnkéré ẹ̀yìn rẹ̀ tutù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbẹ, kò ní òórùn kankan, ìlà gọ́ọ̀mù náà sì wà níbẹ̀ bí mo ṣe fà á. Mo dá a padà.

Ògiri kẹrin kì í ṣe kọnkéré. Òkúta àti bíríkì ni, apá tí ó dàgbà jù nínú ilé náà, n kò sì tíì bò ó. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi, ooru ilé tí ń gba inú rẹ̀ jáde ni kì í jẹ́ kí omi náà di yìnyín. Bí a bá dí ooru yẹn lọ́nà, ògiri yóò tutù sí i, omi inú rẹ̀ yóò dì, yóò sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, bíríkì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Pátákó mẹ́rin tí mo rà fún un ṣì fara ti igun yàrá. Bí òjò bá ti dá, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan òkúta náà. Títí di àná, omi ṣì ń bá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, àwọn pátákó náà sì wà ní ìdúró.